Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà James Africanus Beale Horton (1835–1883)

Ní àkókò yìí ni ìjọ wa pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, àṣà wa ni láti kọ ìtàn àwọn baba tí wọ́n ti lọ sinmi, kí àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn wọn lè mọ ẹni tí ó la ọ̀nà tí wọ́n ń rìn. Àwọn kan nínú àwọn baba wọ̀nyí gbé láàrin wa. Àwọn mìíràn kò bá wa gbé ìlú kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kàn wá. Nínú àwọn tí a wí gbẹ̀yìn yìí ni Dókítà Horton wà.

Díẹ̀ ni ìdílé nínú ìjọ yìí lónìí tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan tí ó ti rékọjá òkun lọ kàwé ní yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè. A ti bá wọn gbàdúrà nígbà tí wọ́n ń lọ, a sì ti bá wọn dúpẹ́ nígbà tí wọ́n dé. Ẹni tí ó bá mọ iye owó tí àwọn òbí ń ná, àti omijé tí ń bẹ nínú irú ìpínyà bẹ́ẹ̀, yóò fẹ́ mọ bí ó ti rí fún àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ, nígbà tí kò sí ará ilé kan níwájú tí yóò pàdé wọn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Òyìnbó sì ń jiyàn bóyá ènìyàn dúdú tilẹ̀ lè kọ́ irú ẹ̀kọ́ náà yanjú. Horton wà lára àwọn tí a fi dán ọ̀rọ̀ náà wò. Bí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ bá ti kùnà, ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ni ìbá tì mọ́ àwọn ọmọ wa lójú.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÀWỌN ÒBÍ RẸ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1835 ni a bí James Horton ní Gloucester, abúlé kan lórí àwọn òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Ìgbò ni àwọn òbí rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ẹrú ti kó wọn sínú ọkọ̀ láti tà wọ́n sí òkè òkun, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ etí òkun tó gbà wọ́n sílẹ̀, tí ó sì kó wọn lọ sí Sàró, gẹ́gẹ́ bí a ti gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ ní ọdún 1822. Baba rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń jẹun, kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀.

Ní àwọn abúlé orí òkè náà, ọmọ Ìgbò, ọmọ Akú tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Sàró, àti ọmọ oríṣìíríṣìí ẹ̀yà mìíràn ń gbé pọ̀. Èdè wọn kò dọ́gba, ìlú tí a ti kó wọn kò sì sún mọ́ ara wọn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ìyà tí wọ́n jọ jẹ, ìgbàlà tí wọ́n jọ rí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú wọ̀nyí fi gbogbo agbára wọn lé ìwé fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti rí i pé ohun gbogbo tí ènìyàn ní ni a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú orí nìkan ni kò sí ẹni tí ó lè kó o lọ. Láti inú ìfẹ́ ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn baba wa tí wọ́n padà láti Sàró wá sí Èkó, Badagry àti Abẹ́òkúta ti gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ wa.

ILÉ Ẹ̀KỌ́ RẸ̀ NÍ SÀRÓ

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Àlùfáà James Beale, míṣọ́nárì C.M.S., ṣe àkíyèsí ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà yìí, ó sì mú un wọ Grammar School tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1845. Ìmoore ni ó mú kí ọmọ náà fi orúkọ Beale kún orúkọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ títí ó fi kú.

Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Fourah Bay. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni C.M.S. dá sílẹ̀ ní ọdún 1827, tí Àjàyí Crowther sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní àkókò Horton, Àlùfáà Edward Jones, ọkùnrin dúdú kan tí a bí ní Amẹ́ríkà, ni ó ń ṣe olórí rẹ̀. Iṣẹ́ àlùfáà ni a ń kọ́ Horton fún. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá ti lọ tààrà, ìbá ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà ilẹ̀ wa tí a rán sí ojú iṣẹ́ ní Sàró tàbí ní ilẹ̀ tí ó wà létí Odò Ọya. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

BÍ A ṢE PÈ É SÍ IṢẸ́ ÌṢÈGÙN

Ní ayé ìgbà náà, ikú ni ìròyìn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà létí àwọn Òyìnbó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ṣe ìṣirò rẹ̀: láti ọdún 1817 dé ọdún 1836, nínú 1,000 ọmọ ogun Òyìnbó tí a kó sí Sàró, 483 ni ó ń kú lọ́dọọdún. Ibà ni ó ń pa jù lọ nínú wọn. Ní ọdún 1854, nígbà tí ọkọ̀ Pleiad gòkè Odò Ọya tí Crowther sì wà nínú rẹ̀, kuníìnì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ mú kí gbogbo àwọn Òyìnbó inú ọkọ̀ náà bọ̀ láàyè. Síbẹ̀ ẹ̀rù kò tíì kúrò, àwọn dókítà Òyìnbó kò sì fẹ́ wá.

Nítorí náà ni Ilé-iṣẹ́ Ogun ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe rò ó pé kí a kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìṣègùn, kí wọ́n lè máa tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní etí òkun wa. Wọ́n kọ̀wé sí C.M.S. láti bá wọn wá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ. Àlùfáà Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ọkùnrin yìí ni ó ti ń sọ láti ìgbà pípẹ́ pé ìjọ Áfíríkà gbọ́dọ̀ dá ara rẹ̀ bọ́, kí ó dá ara rẹ̀ ṣàkóso, kí ó sì máa tan ìyìn rere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé irú ìjọ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lórí àlùfáà nìkan. Ó ń fẹ́ oníṣègùn, oníṣòwò àti amòfin láàrin àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ni a yàn ní Freetown: James Horton, Samuel Campbell, àti William Broughton Davies. Davies yìí jẹ́ ọmọ Akú, èyíinì ni pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni. Ó yẹ kí àwa tí ń ka ìtàn yìí fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, nítorí pé òun ni ọ̀kan nínú ọmọ ìran wa tí ó kọ́kọ́ gba oyè dókítà ìṣègùn ní yunifásítì.

Àwọn kan lè bi wá bí ìjọ kò ha pàdánù, nígbà tí a mú ẹni tí ìbá jẹ́ àlùfáà lọ sínú iṣẹ́ ogun. Èrò tiwa ni pé ìjọ kò pàdánù. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, àwọn ẹ̀yà tí Horton sì ṣe ìtọ́jú wọn pọ̀ ju èyí tí ó lè wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ.

BÍ Ó TI KÀWÉ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ní ọdún 1855 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì wọ King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. A dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1829 lábẹ́ Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà ní òpópó tí a ń pè ní Strand, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí odò Thames. Ilé-iṣẹ́ Ogun ni ó ń san owó ẹ̀kọ́ wọn.

Kí òǹkàwé wa fojú inú wo ìlú tí wọ́n bá. Horton ti orí òkè wá, níbi tí afẹ́fẹ́ mọ́ tí òkun sì hàn nísàlẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ayé nígbà náà, èéfín èédú sì bò ó mọ́lẹ̀. Ogun Krìméà ń jà lọ́wọ́, kò sì parí títí di ọdún 1856. Ìgbẹ́ àti ẹ̀gbin ìlú ni wọ́n ń dà sínú odò Thames. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, òórùn odò náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin kò fi lè jókòó ní ìrọ̀rùn nínú Ilé Ìgbìmọ̀ wọn. Ní ọdún 1854, ọdún kan péré kí àwọn ọmọ Sàró wọ̀nyí tó dé, Dókítà John Snow ti fi hàn pé omi ẹ̀rọ kan ní Broad Street ni ó ń tan àrùn onígbáméjì kálẹ̀ ní àdúgbò náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ti Áfíríkà wá, tí a ń sọ fún pé ilẹ̀ tirẹ̀ ni ibojì àwọn Òyìnbó, fi ojú ara rẹ̀ rí i pé àrùn ń pa ènìyàn ní ìlú Ọba pẹ̀lú, àti pé ẹ̀gbin ni ó ń fà á, kì í ṣe àwọ̀ ara. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Horton. A ó rí èso rẹ̀ nínú àwọn ìwé tí ó kọ nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn. Wọ́n ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tú òkú wò, ohun tí a kà sí èèwọ̀ ńlá ní ilé wa. Wọ́n ń kọ́ nípa ewéko àti egbòogi, nípa pípo oògùn pọ̀, nípa iṣẹ́ abẹ àti iṣẹ́ agbẹ̀bí. Wọ́n sì ń tẹ̀lé àwọn ọ̀gá wọn yí ibùsùn àwọn aláìsàn ká ní ilé ìwòsàn. Èdè tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo èyí kì í ṣe èdè ìyá wọn.

Òtútù ilẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀tá gidi fún ẹni tí a bí sínú oòrùn. Samuel Campbell ṣàìsàn, a sì ní láti dá a padà sí Sàró. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi kú. A kò mọ̀ ọ́n ní olókìkí bí àwọn méjì ìyókù, nítorí kò rí àyè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí kan náà, ó sì yẹ kí a dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá ń dárúkọ àwọn tí ó là ọ̀nà. Lónìí pàápàá, kì í ṣe gbogbo ẹni tí a sìn dé èbúté ni í padà wálé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Ó ku méjì. Ìrònú wa ni pé láti ọjọ́ náà lọ ẹrù orí wọn wúwo sí i. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá kùnà nínú ìdánwò, òun nìkan ni ó kùnà. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí bá kùnà, a ó sọ pé Áfíríkà ni ó kùnà. Wọ́n tẹra mọ́ ìwé wọn. Horton gba ẹ̀bùn ní ilé ẹ̀kọ́ náà, a sì fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní Associate ti King's College. Ní ọdún 1858 ó yege nínú ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ìwé ẹ̀rí M.R.C.S.

BÍ Ó TI GBA OYÈ NÍ EDINBURGH

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà àwọn méjèèjì pín. Ilẹ̀ Skọ́tílándì ni àwọn méjèèjì gbà lọ, ṣùgbọ́n Davies lọ sí yunifásítì St. Andrews, níbi tí ó ti gba oyè M.D. ní ọdún 1858. Horton sì lọ sí Edinburgh. Òkìkí Edinburgh nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti kàn kárí ayé nígbà náà. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n James Young Simpson ti ń kọ́ni, ẹni tí ó kọ́kọ́ lo oògùn kọlorọ́fọ́ọ̀mù fún àwọn aláboyún ní ọdún 1847, kí ìrora ìrọbí lè dínkù.

Gẹ́gẹ́ bí òfin yunifásítì, ẹni tí yóò gba oyè gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìwádìí kan lórí ohun tí ó yàn. Ìbá ṣe é ṣe fún Horton láti kọ̀wé lórí àrùn àwọn ará Edinburgh, kò sì sí ẹni tí ìbá dá a lẹ́bi. Ilé ni ó kọjú sí. Ó kọ̀wé lórí etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà: bí ilẹ̀ rẹ̀ ti rí, bí òjò àti ooru rẹ̀ ti rí, irú ewéko tí ń hù níbẹ̀, àti bí gbogbo ìwọ̀nyí ṣe kan ìlera àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1859 a fi oyè M.D. dá a lọ́lá. Ó wà nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ gba oyè ní yunifásítì náà.

Ní àkókò yìí ni ó fi orúkọ kan kún orúkọ rẹ̀. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Horton wo ilé, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Africanus, èyíinì ni ọmọ Áfíríkà ní èdè Látìnì. Àwọn tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ náà kò lè ka orúkọ òǹkọ̀wé láì mọ ibi tí ó ti wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọdé tí ó lọ sí ìlú Òyìnbó ni orúkọ ilé ń tì lójú. Wọn a gé e kúrú, wọn a sì yí i padà kí ó lè rọrùn lẹ́nu àwọn àlejò. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni Horton ń jẹ́ láti ilé. Síbẹ̀ ó gbé orúkọ gbogbo ilẹ̀ náà lé ara rẹ̀.

IṢẸ́ RẸ̀ ÀTI ÀTAKÒ TÍ Ó BÁ PÀDÉ

Ní ọdún 1859 kan náà ni a fi Horton àti Davies sí iṣẹ́ dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ipò ọ̀gá. A rán Horton sí Cape Coast ní ilẹ̀ Gold Coast, èyí tí ó di Ghana ní ọdún 1957. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Ẹni tí ó rò pé ìwé ẹ̀rí ni yóò parí gbogbo ìjà yóò kọ́ ọgbọ́n nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn dókítà Òyìnbó tí ó bá níbẹ̀ kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú bá wọn jókòó nípò kan náà. Ní ọdún 1861, olórí àwọn dókítà ọmọ ogun níbẹ̀ kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí a má ṣe gba irú wọn mọ́, pé àwọn ọmọ ogun kò ní fọkàn tán dókítà dúdú. Ilé-iṣẹ́ Ogun fetí sí i. Wọn kò lé Horton àti Davies kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n dáwọ́ ètò náà dúró, wọn kò sì rán ẹgbẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn láti Sàró mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a ti ìlẹ̀kùn náà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, láì jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn kùnà. Ẹlòmíràn ìbá dákẹ́ kí ó sì máa jẹ oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé òun ti wọlé. Horton kò dákẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1861 ó kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Ogun, ó gba ètò náà rò, ó sì fi àmọ̀ràn tuntun kún un: kí a dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Freetown, kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà nílé kí wọ́n tó lọ parí rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n wà nínú àmọ̀ràn yìí, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nílé kì í ṣìnà púpọ̀ ní àjò. Ìjọba kò ṣe é.

Ogún ọdún ni Horton fi sin nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń gbé e kiri láti ibùdó kan dé òmíràn, ní Gold Coast, ní Gambia àti ní ibòmíràn. Ó wà nínú ogun Aṣáńtì ti ọdún 1873 sí 1874. Níbikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ, ó ń kọ bí òjò ti rọ̀ tó àti bí ooru ti mú tó, irú àrùn tí ń ṣe àwọn ènìyàn, àti irú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Ẹlòmíràn ìbá ka ìṣípòpadà yìí sí ìyà. Òun sọ ọ́ di yàrá ìkàwé.

ÀWỌN ÌWÉ TÍ Ó KỌ

Ní ọdún 1867 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ojú ọjọ́ àti ìlera ní etí òkun wa. Ní ọdún 1868 ó kọ̀wé lórí àrùn sòbìà. Ní ọdún 1874 ó kọ ìwé ńlá kan lórí àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru àti ìtọ́jú wọn. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ yòókù, ó rò pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú ẹrẹ̀ ni ó ń fa ibà, nítorí ọdún 1897 ni Ronald Ross ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣì wúlò: kí a gbẹ́ ojú àgbàrá, kí a fa omi ẹrẹ̀ gbẹ, kí a mú ìlú mọ́, kí a sì wá omi tí ó dára. Níwọ̀n bí ẹ̀fọn ti ń pamọ nínú omi dídúró, àmọ̀ràn náà ń gbógun ti ọ̀tá tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí.

Ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ni èyí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1868 lórí àwọn ilẹ̀ àti ènìyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ohun méjì ni ó mú un kọ ọ́. Èkínní, ní ọdún 1865 ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì dá a lámọ̀ràn pé kí a múra àwọn ènìyàn etí òkun wa sílẹ̀ láti máa ṣàkóso ara wọn, Horton sì fẹ́ fi hàn bí èyí ṣe lè ṣẹ ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkejì, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ni pé ènìyàn dúdú rẹlẹ̀ láti inú ẹ̀dá rẹ̀ wá, àti pé ẹ̀kọ́ kò lè yí i padà. Horton mú ìmọ̀ ẹ̀yà ara tí ó kọ́ ní yàrá wọn gan-an, ó sì fi tú irọ́ náà wò bí wọ́n ti ń tú òkú wò. Ó fi hàn pé ìyàtọ̀ láàrin ènìyàn ti ọwọ́ àyè àti ẹ̀kọ́ wá, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lókìkí lónìí ti wà nínú òkùnkùn rí. Ó kọ orí kan lórí àwa Akú, ó sì kọ òmíràn lórí àwọn Ìgbò tí í ṣe ìran rẹ̀.

Nínú ìwé yìí kan náà ni ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a sọ Fourah Bay di yunifásítì fún gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ẹni tí ó ti jẹ àǹfààní yunifásítì òkèèrè ni ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀kan wà nílé, kí ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn lè kàwé láì di dandan pé kí ó kọ́kọ́ la òtútù tí ó pa Campbell lára kọjá.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Ní ọdún 1880 ó fẹ̀yìntì pẹ̀lú ipò Lieutenant-Colonel, ó sì padà sí Freetown. Ó ti gba ilẹ̀ wúrà ní Gold Coast, ó sì gbà gbọ́ pé òmìnira tí kò ní owó lẹ́yìn kì í pẹ́. Ní ọdún 1883 ó dá báǹkì sílẹ̀ ní Freetown, kí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa lè rí owó yá. Ọdún náà kò tíì parí tí ikú fi dé. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 1883 ni ó sùn nínú Olúwa, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Davies ẹnìkejì rẹ̀ wà láàyè pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

ÈSO IṢẸ́ RẸ̀

Horton rí díẹ̀ nínú èso náà kí ó tó kú. Ní ọdún 1876 a so Fourah Bay pọ̀ mọ́ yunifásítì Durham, tí àwọn ọmọ Áfíríkà fi lè gba oyè Durham láì kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ọ̀nà yìí ni Isaac Oluwole, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn, gbà gba oyè B.A. Ìlẹ̀kùn tí Ilé-iṣẹ́ Ogun sì tì, àwọn ìdílé àti ìjọ ṣí i láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Nathaniel King, ọmọ Àlùfáà Thomas King ti Abẹ́òkúta tí ó bá Crowther túmọ̀ Bíbélì, lọ kọ́ ìṣègùn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tílándì, ó sì padà wá tọ́jú àwọn ènìyàn ní Èkó títí ó fi kú ní ọdún 1884. Obadiah Johnson tẹ ipasẹ̀ Horton gan-an, láti Fourah Bay dé King's College, láti King's College dé Edinburgh. Òun náà ni ó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson, kọ ṣe, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde. John Randle pẹ̀lú gba oyè ní Edinburgh ní ọdún 1888.

Àtakò kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1902, nígbà tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ dókítà àwọn ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà pọ̀, òfin rẹ̀ ni pé ọmọ Òyìnbó nìkan ni a óò gbà, bí ó ti wù kí oyè ọmọ Áfíríkà ga tó. Ọdún púpọ̀ kọjá kí èyí tó yí padà. Yunifásítì tí Horton bẹ̀bẹ̀ fún ní ọdún 1868 kò dé ilẹ̀ Yorùbá títí di ọdún 1948, nígbà tí a dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọgọ́rin ọdún ni ó wà láàrin ẹ̀bẹ̀ náà àti ìdáhùn rẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilẹ̀ òkèèrè, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ, ìtàn yìí kàn yín jù lọ. Ẹ kò lọ sí ibi tí ẹnì kan kò dé rí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kò ní owó, kò ní ará, òtútù sì mú un bí ó ti ń mú yín. Ó kàwé, ó yege, kò sì gbàgbé ilé nínú ohun tí ó yàn láti kọ̀wé lé lórí. Kí ẹ̀yin náà wò ó bóyá ohun tí ẹ ń kọ́ yóò wúlò fún àwọn tí ó rán yín lọ. Àjò kò dùn kí onílé má rántí ilé.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ rántí Àlùfáà Beale. A kì bá tí mọ orúkọ rẹ̀ lónìí bí kò bá ṣe ti ọmọ tí ó fà lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tálákà kan lè wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, tí orí rẹ̀ pé, tí kò sì ní olùrànlọ́wọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìjọ wa ń wọ̀ yìí yóò dára bí a bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí a sì mú un lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run tí ó gba àwọn baba wa sílẹ̀ lórí omi máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí ń ré omi kọjá, kí ó sì mú wọn padà wálé ní àlàáfíà. Àmín.